Gègé Ò Bọ́ Lọ́wọ́ Wa: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Àwa Òǹkọ̀wé ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ bá wa gbé Olúwa ga! Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Àwa òǹkọ̀wé tí a máa ń pàdé ní Ilé-Ifẹ̀ láti ka iṣẹ́ ara wa sétí ara wa, àti àwọn tó ń wọkọ̀ láti Iléṣà wá bá wa, a jáde síta lónìí láti dúpẹ́. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí a kọ ló rí ẹni tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n dá padà, òmíràn ò tilẹ̀ rí èsì kankan. Ohun tí a ń dúpẹ́ fún ni pé gègé ò bọ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn kan wà tí tiwọn bọ́, tí wọn ò sì gbé e mọ́, ẹ̀bùn wọn ò sì kéré sí tiwa. Ìdí nìyẹn tí ọpẹ́ yìí fi wúwo lọ́kàn wa, tí a sì fẹ́ sọ bí a ṣe là á já lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹni tó ṣì wà nínú ẹ̀ lè rí nǹkan dì mú.

Oore àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run ṣe fún wa ni pé ó là wá lójú sí ohun tí "rárá" olóòtú jẹ́. Nígbà tí olóòtú bá ní òun ò gba iṣẹ́, ọ̀kan nínú ohun márùn-ún ló sábà máa ń fà á: àyè ti kún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú rẹ̀ jáde, owó ìtẹ̀wé ò sí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀, tàbí kí iṣẹ́ náà má tíì jinná. Ẹ wò ó dáadáa. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ò kan òǹkọ̀wé rárá. Ìkẹrin, àdírẹ́sì ló kàn. Ìkarùn-ún nìkan ló kan iṣẹ́, iṣẹ́ tí kò bá sì tíì jinná, iná là ń kó sí i, a kì í da ìkòkò nù. Ìwé ni wọ́n dá padà, wọn ò dá ọwọ́ tó kọ ọ́ padà.

Lórí ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì, ẹ jẹ́ ká rántí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń ṣe mẹ́sẹ́ńjà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan l'Ékòó. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé nípa fọ́tò yíyà ni wọ́n ń tẹ̀. Ìtàn yẹn ò di ìwé títí di 1982. Èyí tó tẹ̀lé e, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé ẹ̀sìn Kristẹni ló gbà lọ. Àwọn náà kì í tẹ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣàánú, wọ́n gbé e fún Faber and Faber, ó sì jáde ní 1952, ayé sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ níbí gbà á lálejò gẹ́gẹ́ bí olùṣèwádìí. A máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wa, nítorí ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn, ìtàn náà kò sì burú.

Àánú bẹ́ẹ̀ kì í wáyé lójoojúmọ́, nítorí náà ká tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síbì kan, a máa ń ka ohun mẹ́ta ó kéré tán tí wọ́n ti tẹ̀. Ṣé wọ́n ń tẹ Yorùbá rárá? Ṣé wọ́n ń gba iṣẹ́ lásìkò yìí, àbí wọ́n ti tilẹ̀kùn? Ọ̀rọ̀ mélòó ni wọ́n fẹ́? Bí wọ́n bá ní 3,000, tí ìtàn jẹ́ 4,200, ẹ má retí pé adùn rẹ̀ á mú wọn gbójú fò ó. Ewì, mẹ́ta sí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ibi ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé ìtàn gígùn, orí mẹ́ta àkọ́kọ́ àti ìsọnísókí ojú ewé kan tàbí méjì. Ìsọnísókí yìí ló ti ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́: òǹkọ̀wé á fi òpin ìtàn pamọ́, á ní òun ò fẹ́ tú àṣírí. Olóòtú kọ́ là ń fi àṣírí pamọ́ fún. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí mọ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀. Ẹ kọ òpin rẹ̀ síbẹ̀ gbangba.

A wá fẹ́ dúpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àmì ohùn, torí ibẹ̀ ni ìyà pọ̀ sí fún ẹni tó ń kọ Yorùbá. Iṣẹ́ lè dára, kí ó sì dé iwájú olóòtú ní àkúfọ́. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Adé gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sí oko." Bí àmì bá já dà nù lójú ọ̀nà, ohun tó máa dé ni "Ade gbe oko re lo si oko." Ṣé ọkọ́ ló gbé ni? Ṣé ọkọ̀ ni? Àbí ọ̀kọ̀, tó fẹ́ fi ṣọdẹ? Ọ̀kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí a ò gbọ́dọ̀ kà sókè níwájú ìjọ. Olóòtú tó ní ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ nílẹ̀ ò ní jókòó máa wá èyí tí a ní lọ́kàn.

Ohun tó ń fà á nìyí. Nínú kọ̀ǹpútà, "á" àti "à" jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n "ẹ́" tàbí "ọ̀" jẹ́ ẹyọ méjì: lẹ́tà pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, àmì ohùn tó gorí rẹ̀ jẹ́ ìkejì, ẹ̀rọ ló ń so wọ́n pọ̀. Fọ́ńtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò, tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí kékeré ṣófo rọ́pò rẹ̀. Àwọn fọ́ńtì Yorùbá àtijọ́ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀: àyè tí àmì mìíràn ń gbé ni wọ́n fi lẹ́tà Yorùbá sí, bí fáìlì bá sì dé orí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ńtì yẹn, àmì mìíràn náà ni yóò yọjú. Àmì abẹ́ lẹ́tà náà ń kó bá èèyàn. Àwọn kan ń lo èyí tó rí roboto, àwọn kan ń lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, méjì ni wọ́n, bí a bá sì wá "ọmọ" nínú ìwé, ìdajì rẹ̀ ò ní jáde.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni kí a lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gboard tó wà lórí fóònù ní Yorùbá. Fọ́ńtì bíi Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif ń so àmì pọ̀ dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Bí wọn ò bá sọ èyí tí wọ́n fẹ́, a máa ń fi fáìlì Word àti PDF ránṣẹ́ pọ̀, torí PDF ń gbé fọ́ńtì tirẹ̀ dání. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ká tó fi ránṣẹ́, a máa ń ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn, kì í ṣe tiwa, a ó sì ka ojú ewé àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìparí.

Ìyókù ò gba àkókò: lẹ́tà ìwọ̀n 12, kí àlàfo ìlà jẹ́ ìlọ́po méjì, àlàfo ínǹṣì kan yí ojú ewé ká, kí nọ́ńbà sì wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ìdíje tí wọn ò fẹ́ rí orúkọ, kì í ṣe iwájú ìwé nìkan la ti ń pa á rẹ́. Word máa ń tọ́jú orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà sínú fáìlì, níbi tí wọ́n kọ Properties sí. Ẹ ṣí i, ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

A dúpẹ́ fún nóòtù. Bí wọ́n bá ní ká mú ohun kan ṣoṣo lára gbogbo ohun tó gbé wa dúró, nóòtù la máa mú. Nóòtù lásán ni, tí a fi rúlà fa òpó méje sí: orúkọ iṣẹ́, ẹ̀dà wo ni, ibi tó lọ, ọjọ́ tó lọ, ọjọ́ tí a retí èsì, èsì tó dé, ibi tó kàn. Òpó keje yìí ni gbogbo agbára nóòtù náà wà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá jáde nílé gan-an la máa ń kọ ibi tó kàn sí i, nígbà tí ọkàn ṣì balẹ̀. Bí lẹ́tà "rárá" bá wá dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ọkàn tó ń ta wá ronú. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀, ká sáà tọ̀ ọ́ ni. Ẹni tí kò kọ òpó keje, ọjọ́ ìjákulẹ̀ yẹn ló máa ń ti ìwé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló sì máa ń wà fún ọdún mẹ́ta.

Nóòtù yìí kan náà ni kì í jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan sí ibi méjì tí ọ̀kan nínú wọn ti ní òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá sì gbà á láyè, ọjọ́ tí ẹnì kan bá ti gba iṣẹ́ náà la ń kọ̀wé sí àwọn yòókù pé a ti gbà á kúrò. Bí wọ́n bá ní ká dúró oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ méjì là ń dúró ká tó béèrè. Ìlà mẹ́rin tó: ìkíni, orúkọ iṣẹ́, ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́, ìbéèrè. Ẹ má fi ẹ̀dùn ọkàn kún un.

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà bá dé ńkọ́? A kì í purọ́, ó ń dun èèyàn. Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àgbà náà á kọ́kọ́ gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń gbọn tiwa. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, a kì í dá lẹ́tà náà lóhùn, a kì í gbé orúkọ olóòtú jáde síta, a kì í sì pa fáìlì rẹ́ lóru. A máa ń sọ fún ẹnì kan ṣoṣo, kó má di ẹrù àdágbé. Ní ọjọ́ kẹrin, a ó mú báírò, a ó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó bá dárúkọ nǹkan kan pàtó nínú iṣẹ́ náà. "Kò bá wa mu," a ò fa ìlà sí i, torí kò sí ohun tí a lè fi ṣe. "Orí kejì falẹ̀," a fa ìlà sí i méjì. Bí olóòtú méjì tí wọn ò mọra wọn bá sọ ohun kan náà, a ó tún un ṣe láìjiyàn. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ló sọ ọ́, a ó gbé e yẹ̀ wò.

Bí olóòtú bá ní ká tún iṣẹ́ ṣe ká dá a padà, ẹ bá wa yọ̀, torí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni ìkánjú. Ẹni tó dá a padà lọ́jọ́ kẹta, àmì ohùn nìkan ló tún ṣe.

Etí ni ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ fún Yorùbá, nítorí náà a máa ń ka iṣẹ́ sókè kí ẹni tí kò mọ ìtàn náà gbọ́ ọ. Ibi tó bá ti béèrè pé "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?", a ó sàmì T sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ibi tó bá ti gbójú sí fóònù, a ó sàmì F. T mẹ́ta lójú ewé kan, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú ìtàn ti dàpọ̀ mọ́ra wọn nìyẹn. F tó tò tẹ̀lé ara wọn, àpèjúwe ti pọ̀ jù.

A tún dúpẹ́ pé Olúwa gbà wá lọ́wọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" tó jẹ́ ìdẹkùn, torí ọkàn tí "rárá" ti lù bolẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì ń wá. Ẹ máa ṣọ́ lẹ́tà tó dé lọ́jọ́ kẹta, tó yin ìwé títí, tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà, tó sì parí sí iye owó tí ẹ máa san. Kò burú kí èèyàn fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé, bí ó bá ti mọ̀ pé ìtẹ̀wé ni òun ń rà. Kí iye owó wà nínú ìwé, kí ẹ rí ẹ̀dà kan dì mú kí wọ́n tó tẹ ìyókù, kí ẹ sì tẹ 100 kí ẹ tó tẹ 1,000. Kí ẹ sì ka àdéhùn. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà fún gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú pé òun gbé gbogbo ẹ̀tọ́ sílẹ̀ títí láé, ogún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fi tọrẹ.

Ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta iṣẹ́ yín: sórí fóònù, sórí flash, àti sínú ímeèlì. Ìwé tí Chinua Achebe gbé jáde ní 1958, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó fọwọ́ kọ ló fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa bá a tẹ̀ ẹ́ lẹ́rọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n pa á tì síbẹ̀, àfìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ rédíò lọ bá wọn níbẹ̀. Ká ní ó sọnù ńkọ́?

Ọpẹ́ tó kù, ti èèyàn ni. Ẹ̀yin tó ń bá wa tẹ ìwé ní Lágere, tí ẹ máa ń béèrè pé "Ṣé pẹ̀lú àmì ni?" kí ẹ tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, ẹ ṣé o. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ gbọ́ orí kejì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tí ẹ sì sòótọ́ nígbà kẹfà, Olúwa á san án fún yín. Ẹ̀yin olóòtú tí ẹ kọ ìlà méjì péré tó kan iṣẹ́ wa gan-an, a fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Nóòtù tó kún ti wà nínú àpótí. Tuntun wà lórí tábìlì, òpó méje ti wà lójú ewé rẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ sì ti ní orúkọ iṣẹ́, ọjọ́, àti ibi tó kàn.