Láti oṣù Kẹjọ ni ìgbà òtútù oyin ti ń bẹ̀rẹ̀

Ọdún ku ọjọ́ kan. Ilé oyin méjì ló wà nínú ọgbà mi ní Leeds, àwọn méjèèjì sì wà láàyè. Mo dúpẹ́, nítorí ní oṣù Kejì, ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mi ò tíì gbàgbé ọjọ́ náà. Mo ṣí ìdérí, mo bá ẹ̀kúnwọ́ kan péré, wọ́n dì mọ́ra bí ọsàn, ayaba wọn wà láàárín. Afárá tí oyin lílá kún dẹ́mú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Mo sunkún. Mo ní òtútù ló pa wọ́n. Bàbá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ àpótí, wọ́n ní, "Kì í ṣe òtútù. Láti oṣù Kẹjọ ni àwọn wọ̀nyí ti ń kú." Wọ́n fi varroa hàn mí: ó pupa, ó rí bí eégbọn, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Oyin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í lò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tọ́ láti oṣù Kẹjọ wọ ìgbà ìwọ́wé ní láti lo oṣù bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ọ̀rá inú ara rẹ̀ ló fi ń gbé e. Ọ̀rá yẹn gan-an ni varroa ń jẹ, á tún kó àrùn ràn án. Òtútù fúnra rẹ̀, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà: wọ́n á ṣù pọ̀, wọ́n á máa gbọ̀n iṣan ìyẹ́ wọn láìfò, ara wọn á sì móoru. Ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan ò lè ṣe é.

Nígbà tí mo gba méjì tuntun ní oṣù Karùn-ún, oṣù Kẹjọ ni mo ń wò. Mo bu bí 300 oyin láti inú ilé kọ̀ọ̀kan sínú ọtí líle, mo mì ín. Wọ́n kú, ó sì dùn mí wọra. Varroa 14 ló jábọ́ nínú ilé kan, 5 nínú èkejì. Tó bá ti tó 3 lára 100 oyin, kò ṣeé fi falẹ̀. Mo lo oògùn thymol, èròjà inú ewé táìmù tí a fi ń se ọbẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òórùn ọgbà mi dà bí ìkòkò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣúgà kílò 2 sí omi lítà 1. Irin olójú wẹ́wẹ́ sẹ́nu ọ̀nà nítorí eku. Àwọ̀n wáyà nítorí ẹyẹ àkókó. Mi ò dí wọn pa, torí omi tó bá ń kán sí wọn lára burú ju òtútù lọ.

Bàbá mi ní Ṣakí gbọ́ lórí fóònù pé mo ń fún oyin ní ṣúgà. "Ṣé wọn ò lè wá oúnjẹ ara wọn ni?"

"Bàbá, òdòdó ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbí nígbà òtútù."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìwọ lo kó oúnjẹ wọn. Bọ́ wọn yó."

Láàárọ̀ yìí mo fọwọ́ gbé ẹ̀yìn àpótí kọ̀ọ̀kan wò. Ti apá òsì ti fúyẹ́ jù. Ìṣù ṣúgà kílò 2 wà lórí tábìlì ìdáná mi báyìí. Lọ́la, màá gbé e lé orí afárá wọn.