Abẹ́òkúta la yàn láti fẹ̀yìn tì sí

Ìjẹ̀ṣà ni mí, Èkó sì ni mo ti ṣe iṣẹ́ tíṣà títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sinmi. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹbí pé n kò ní padà sí abúlé, wọ́n bi mí kí ni mò ń sá fún. N kò sá fún nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ti Èkó dé, gbogbo ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé di tirẹ̀ nìyẹn, èmi ò sì lágbára ẹjọ́ mọ́. Ìlú tí owó ilé ibẹ̀ kò ní gbé owó ìfẹ̀yìntì mì ni èmi àti ìyá àwọn ọmọ ń wá, tí ọsibítù wà nítòsí, tí àwọn ọmọ sì lè wá wò wá láì sùn sójú ọ̀nà márosẹ̀.

Àjàṣẹ́ la kọ́kọ́ lọ wò, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìlú náà wù wá. Wọ́n ń sọ Yorùbá lọ́jà, mọ́sáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ síbẹ̀ sì jọ ṣọ́ọ̀ṣì débi pé ìyàwó mi fẹ́ wọlé lọ kúnlẹ̀. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná níbẹ̀ ni kò jẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ lé, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bí mo bá ṣẹ́ owó oṣù mi sí sẹ́fà, kò kún ọwọ́. A jẹ ẹja díndín, a padà sílé.

Ojú irin ló mú wa ro Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ń dúró níbẹ̀. A wọ̀ ọ́ ní Alágómejì, ó gba Agége àti Àgbádó, ó gba Kájọlà àti Pápálántò, ó já wa sí Ládèrin, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ọmọ ìlú náà, pè. Ládèrin jìnnà sí àárín ìlú o, ẹ fi owó kẹ̀kẹ́ márúwá sí ìṣirò yín.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe ìyàwó mi, nítorí náà ọsibítù la fi bẹ̀rẹ̀. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà. Ti ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Sacred Heart wà ní Lántòrò, láti 1895 ló sì ti wà. Ajẹ́ǹtì ń sọ̀rọ̀ táìlì àti pálọ̀, èmi ń bi í léèrè bóyá kẹ̀kẹ́ ń ná ojú ọ̀nà yẹn ní aago méjì òru.

Omi ni wàhálà ibẹ̀. Orí àpáta ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, kànga kì í rọrùn gbẹ́, bọ́họ̀ọ̀lù mìíràn sì lè kọ̀ jálẹ̀.

“Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, omi ò lè wọ́n yín láé,” ni ajẹ́ǹtì wí.

“Ọmọ mi, ṣí ìdérí kànga ká wò ó.”

Ó ń wá kọ́kọ́rọ́. Obìnrin kan tó ń gbé ilé kejì wá rọra sọ fún ìyàwó mi pé, “Màmá, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, mẹ́ruwà la ń retí o.” Bí a ṣe fi ilé yẹn sílẹ̀ nìyẹn. A kọ òmíràn nítorí àtẹ̀gùn: orókùn mi ò lè máa pọ́n òkè lójoojúmọ́. Ti iná náà, wọ́n fi báńdì A, ìpele iná tó wọ́n jù, ń polówó ilé fún wa, bí ẹni pé owó rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ wa. Iná wákàtí ogún lójúmọ́ wà fún ẹni tó bá lówó rẹ̀. Ní tèmi, sólà kékeré fún gílóòbù àti fáànù ló wù mí.

Gbogbo àlejò ló ń gun Olúmọ, àwa náà gùn ún díẹ̀, a rí ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, kí ìlú tó dúró ní 1830. A kí ṣọ́ọ̀ṣì Aké. Mo tún rí ibi tí n óò ti máa ka ìwé, ní ilé ìkàwé Ọbásanjọ́. Ṣùgbọ́n Ìtòkú, ọjà aláàdìrẹ, ló parí ọ̀rọ̀ fún ìyàwó mi. Ó jókòó ti ìyá kan tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, kó tó rì í sínú aró. Aró kì í wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà, ibẹ̀ ni yóò di ọnà. Ìyàwó mi ní, “Ìyá, ṣé ẹ lè kọ́ mi?” Ìyá ní kó máa bọ̀, kó sá ti mú aṣọ funfun tirẹ̀ dání. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé a kò tún ní lọ wo ìlú kankan mọ́. Èèyàn tó ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ayé rẹ̀ kò lè máa wo àpáta lójoojúmọ́, ó ní láti rí nǹkan fọwọ́ ṣe.

A rí ilé kan ní ẹ̀yìn Ìdí-Àbà, ilẹ̀ tó tẹ́jú, kànga tó ní omi lóṣù kẹta. Mo ná owó ilé náà títí ajẹ́ǹtì fi ní òun ò ní mú Ìjẹ̀ṣà wolé mọ́. Ọdún kan la san. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà di ìgbà tí a bá ti rí ohun tí òjò oṣù kẹsàn-án ń fi ojú ọ̀nà ibẹ̀ ṣe.