Ọ̀bẹ Ilé Ìdáná Mi

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo wà bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi, níbi tí ènìyàn ti lè gbójú sókè kí ó sì rí òkè Olósùnta. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 15, wà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ ìyá mi. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì padà kí oṣù Kẹjọ tó parí, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò wọlé. Mo bi í bóyá mo lè kọ ohun tí ojú wa rí lọ́dún yìí fún àwọn òbí mìíràn láti kà. Ó fi ọjọ́ méjì rò ó, lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ òun. Mo gbà fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ fún ìyá arúgbó kan nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. A kì í gbé fóònù bí a bá wà lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà n kò wò ó títí ìyá náà fi jẹun tán. Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀marùn-ún: ẹ̀ẹ̀mẹta láti ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì láti nọ́ńbà tí n kò mọ̀. Ẹni tí ó gbé e nígbà tí mo pè wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé wọ́n bá ọ̀bẹ nínú báàgì ọmọ mi, pé ọlọ́pàá ti mú un, àti pé wọn kò ní fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò títí òbí tàbí àgbàlagbà mìíràn yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, “Ọmọ ta ni?” Ó tún orúkọ rẹ̀ pè, ó sì ṣì í pè bí gbogbo wọn ti máa ń ṣì í pè. Ìgbà náà ni mo tó gbà pé ọmọ mi ni.

Agbẹjọ́rò tí wọ́n pè fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí a kò san kọ́bọ̀ fún, bá mi sọ̀rọ̀ kí a tó wọ yàrá ìbéèrè. Ó ní iṣẹ́ tèmi ni láti rí i pé ọmọ mi lóye ohun tí wọ́n ń bi í, kí n sì sọ̀rọ̀ bí mo bá rí i pé wọn kò ṣe é bí ó ti tọ́ sí ọmọdé, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ dáhùn nípò rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọmọ yóò mọ bí èyí ti le tó. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn ni mo ti ń bá a dáhùn: lọ́dọ̀ dókítà, lọ́dọ̀ olùkọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti nígbàkígbà tí àwọn àgbà ilé bá bi í lórí fóònù pé báwo ni ìwé. Ọlọ́pàá kà á sí i létí pé kò pọn dandan kí ó sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó lè pa á lára bí ó bá pa ohun kan mọ́ nísinsìnyí tí ó sì wá gbé e kalẹ̀ ní kóòtù lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ike gígùn kan tí ó mọ́ gaara sórí tábìlì, ọ̀bẹ sì wà nínú rẹ̀.

Kí ó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ ọ̀bẹ náà. Òun ni mo fi ń bẹ iṣu. Èkù rẹ̀ ti là láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti fi òwú dúdú wé e yípo, mo so ìdí òwú náà sí ìsàlẹ̀ kí ó má baà máa gún mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a. Mo tú gbogbo ilé ìdáná, mo ní ọkọ mi ló kó o dànù mọ́ èèpo iṣu, ìgbà tí n kò rí i ni mo lọ ra òmíràn. Èmi tí mo so òwú náà ni mo jókòó síbẹ̀, tí ọlọ́pàá ń bi ọmọ mi pé ta ló ni ín.

Ó dáhùn. Ó ní ní oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan tí wọ́n jù ú lọ dá òun dúró ní ibùdókọ̀, wọ́n gba fóònù òun, wọ́n sì ní àwọn yóò tún rí òun. Fóònù yẹn ni ó wá sọ fún wa pé ó sọnù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi jẹ ẹ́ níyà pé kò mọ iye ohun tí a fi ń ra nǹkan fún un. Ó ní láti ìgbà náà ni òun kò ti wọ bọ́ọ̀sì mọ́, pé ẹsẹ̀ ni òun fi ń rìn wálé gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú. Mo ti bá a wí lórí pípẹ́ dé yẹn náà, mo ti pè é ní alárìnkiri. Ọlọ́pàá bi í pé èé ṣe tí kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó wo tábìlì, ó ní, “Wọ́n sábà máa ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Ó máa ń rẹ̀ wọ́n. Bí mo bá sọ ọ́, wọn á ní kí ni mo lọ ń ṣe ní ibùdókọ̀.”

Ohun tí n bá sọ gan-an nìyẹn. Bí kì í bá ṣe pé agbẹjọ́rò ti kìlọ̀ fún mi ni, mo lè tún ti sọ ọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama níbí ní Ìkẹ́rẹ́, àdá ni a ń gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gé koríko. Ẹni tí kò gbé tirẹ̀ wá ni wọ́n ń nà. Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti kúrò kí a tó lọ bímọ sí òkèèrè, a kò sì mọ̀ pé òfin ibẹ̀ ti di mìíràn pátápátá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ọmọ ọdún 10 ti tó ẹni tí ọlọ́pàá lè mú, tí a sì lè fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn. Ní Scotland, ọdún 12 ni. Ọ̀bẹ ilé ìdáná nínú báàgì, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí i, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní ìgboro, ẹ̀ṣẹ̀ ni nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, àgbàlagbà sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 4 nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rù ló mú kí òun gbé e kiri kì í sábà rí àre gbà. Fún àwa tí a jẹ́ àjèjì, ó tún kù síbẹ̀: ọmọ tí ó bá ti pé ọdún 10, ìjọba a máa yẹ ìwà rẹ̀ wò kí wọ́n tó fi í ṣe ọmọ ìlú. N kò mọ ọ̀kan nínú gbogbo èyí títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ti lé ní ọdún mẹ́wàá níbẹ̀.

Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Nígbà tí a wọlé, ó bọ́ ìgbànú rẹ̀, ó sì lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ náà. A mọ̀ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà òfin ọdún 2004, òbí tí ó bá na ọmọ tí ara rẹ̀ fi lé kò ní àwáwí kankan mọ́. Scotland ti fi òfin dẹ́kun nínà pátápátá ní 2020, Wales ní 2022. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló dá ọkọ mi dúró. Ó padà wá sí pálọ̀, ó ká ìgbànú náà sórí tábìlì, ó jókòó, ó sì ń sunkún. Ó ní, “A ti kọ́kọ́ jẹ ọmọ yìí níyà fún ohun tí wọ́n jà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.”

N kò sọ pé kí a má bá ọmọ wí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, àwọn baba wa kò sì sọ pé kí a gé ọwọ́ òsì náà dànù. A bá a wí. Fún oṣù mẹ́ta, kò jáde lẹ́yìn aago mẹ́rin àyàfi bí ọ̀kan nínú wa bá wà pẹ̀lú rẹ̀, òun ló ń fọ abọ́ ilé, a kò sì ra fóònù mìíràn fún un. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé lálẹ́, kí n tó wọ aṣọ iṣẹ́, mo ń jókòó sí etí ibùsùn rẹ̀, mo sì ń pa ẹnu mọ́. Ó pẹ́ kí ó tó máa sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kàn ń jókòó ni.

Kí ó tó di ọjọ́ Àìkú, gbogbo ẹbí ti gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó wà ní Adó pè mí, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀ kún Èkìtì, kí a mú un wá, kí a sọ fún un pé ìsinmi ni, kí a sì gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ bí ọkọ̀ òfuurufú bá ti balẹ̀. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo sì mọ ìdílé tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ka ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ mú láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Gánà ní 2024 pẹ̀lú irọ́ pé ìbátan wọn kan ń ṣàìsàn, nítorí ẹ̀rù ẹgbẹ́ búburú àti ọ̀bẹ náà ni. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló wá agbẹjọ́rò láti Gánà, ó sì pe àwọn òbí rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní 2025, ilé-ẹjọ́ gíga kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn àwọn òbí, lẹ́yìn náà ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹkún àwọn òbí yẹn yé mi. Ẹkún ọmọ yẹn náà yé mi.

Bàbá mi ló gé ọ̀rọ̀ náà. Tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní, “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mú un wá, ẹ jẹ́ kí ó mọ ohun tí ó ń bọ̀ wá ṣe àti ọjọ́ tí yóò padà. Bí ẹ bá sọ Ìkẹ́rẹ́ di ẹ̀wọ̀n fún un, ta ni yóò wá sin mí?”

Ilé-ẹ̀kọ́ lé e. A lọ bá ìgbìmọ̀ alábòójútó wọn, a bẹ̀ wọ́n, wọn kò yí i padà. Òfin ní kí ìjọba ìbílẹ̀ wá ibi tí yóò ti kàwé fún un láti ọjọ́ kẹfà, wọ́n sì ṣe é. Ibi kékeré kan ni, tí ọmọ mẹ́fà péré wà nínú kíláàsì. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́wọ́, tí kò sì ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan ṣáájú, wọn kò gbé e lọ sí kóòtù àwọn ọmọdé. Ìkìlọ̀ tí ó ní májẹ̀mú nínú ni wọ́n fún un: kí ó máa lọ rí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kò pa ọjọ́ kankan jẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án, yóò bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ọdún tí ó kẹ́yìn kí wọ́n tó ṣe ìdánwò GCSE, èyí tí ó dà bí WAEC tiwa.

A wá mú un wá sí ilé pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ òfuurufú àlọ àti àbọ̀, àbọ̀ sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Láàárọ̀, ó ń lọ sí lẹ́sìnnì àkókò ìsinmi pẹ̀lú àwọn ọmọ ìdílé, bàbá mi sì tún ń kọ́ ọ ní ìṣirò lálẹ́. Ní ọjọ́ kejì tí ó lọ, ó wálé pẹ̀lú ojú tí ó rẹ̀, ó ní tíṣà na ọmọ kan ní pàṣán mẹ́fà nítorí pé ó pẹ́ dé, ó sì bi mí bóyá ọlọ́pàá yóò wá mú tíṣà náà. Mo sọ òtítọ́ fún un pé wọn kò ní wá. Mo sọ fún un pé Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, òfin náà sì ní a kò gbọdọ̀ hùwà tí ó tàbùkù ọmọ sí i, ṣùgbọ́n pàṣán ṣì wà lórí tábìlì tíṣà. Ó bi mí bóyá wọ́n nà mí rí. Mo ní ó kọjá kíkà. Ó ní, “Ṣé wọ́n kọ́kọ́ bi yín pé kí ló fà á?” N kò rántí ẹyọ kan tí wọ́n bi mí.

Lánàá, ìyá mi fẹ́ gún iyán. Iṣu tuntun ti dé ọjà, wọ́n sì ti to mẹ́ta sí ẹsẹ̀ odó. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n nawọ́ ọ̀bẹ sí ọmọ mi, wọ́n ní, “Ọkọ mi, gbà, bá mi bẹ uṣu yìí.” Ọmọ náà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó wò mí. Ìyá mi mọ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tí a fi pamọ́ fún wọn. Wọn kò gbé ọwọ́ sílẹ̀. Wọ́n kàn yí ọ̀bẹ náà padà kí èkù rẹ̀ lè kọjú sí i, wọ́n sì ń dúró. Èmi náà kò sọ̀rọ̀.

Ó gbà á. Ó bẹ èèpo rẹ̀ nípọn jù, ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n fi bí a ti ń tẹ ojú ọ̀bẹ sílẹ̀ hàn án. Nígbà tí ó dé orí iṣu kẹta, ó ti ń pè é ní uṣu bí tiwọn, ó sì ń béèrè orúkọ ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ bá tó nínú ilé ìdáná náà. Ó bẹ ẹ́ tán, ó fọ ọ̀bẹ náà nínú omi, ó fi aṣọ nù ún, ó sì bi ìyá mi pé níbo ni wọ́n máa ń fi í sí.