Kí Rodo Tó Wọ Ìkòkò

Ọjọ́rú, Iléṣà

Òjòjò la jẹ lálẹ́ yìí, gbogbo wa pátá, títí kan ẹni tó ti ń fi oúnjẹ alẹ́ ṣe ìjà láti ọjọ́ Àìkú. Ewùrà ni mo rà bọ̀ láti ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Ní ìlú yìí, bí o bá gbé ewùrà wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ káàánú rẹ ná, torí kò ṣeé gún níyán bí iṣu gidi, ta ni ò sì mọ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú iyán? Ìyá ọkọ mi yọjú wo inú báàgì, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan, mà. Òjòjò ni mo fẹ́ dín fún àwọn ọmọ."

Wọ́n ní ó dáa. Ṣùgbọ́n àga wọn kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì mọ́ láti ìgbà náà.

Mo fi epo pa ọwọ́, torí ewùrà a máa yúnni. Mo bó o, mo fọ̀ ọ́, mo rin ín sínú abọ́. Mo rẹ́ àlùbọ́sà sí i, mo fọ́ ẹyin kan lé e, mo fi iyọ̀ sí i, mo wá rẹ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́ pò ó mọ́ ọn. Kò sí ata níbẹ̀ rárá. Òróró gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí o tó bu ṣíbí àkọ́kọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣe ni yóò mu òróró yó, tí inú rẹ̀ á sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Bí ó bá gbóná tó, etí rẹ̀ á pọ́n kíá, á máa ró lẹ́nu, ariwo yẹn gan-an sì ni àwọn ọmọ mi ń jẹ. Ìgbà tí tiwọn jáde tán ni mo da rodo gígún sínú èyí tó kù, tí mo dín tàwa àgbà. Abọ́ kan náà, agbada kan náà, gáàsì kan náà.

Gbogbo ọgbọ́n mi nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: mo máa ń bu tiwọn kí rodo tó wọ ìkòkò. Èmi ò lè máa se oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún ọmọ, ọ̀tọ̀ fún bàbá wọn, ọ̀tọ̀ fún Ìyá. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń se ata ọ̀sẹ̀. Tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà ló ń kọ́kọ́ hó. Tí omi rẹ̀ bá gbẹ, màá bu ti àwọn ọmọ sínú ike wọn, kí n tó da rodo lé ìyókù. Àwọn ará òkè òkun a máa ní kí a se oúnjẹ oṣù kan, kí a kó o sínú fírísà. Iná ta ni? Ata tí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa, tí a ń gbé kaná lóòrèkóòrè, kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bí iná bá lọ.

Àbúrò gbé òjòjò tirẹ̀ sókè sí gílóòbù, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn.

"Mọ́mì, ewé wà nínú ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, tẹ̀tẹ̀ ni."

"Mi ò fẹ́ ewé."

"Yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwo."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìkẹta, ó sú u, ó jẹ ìyókù tòun ti ewé. Èmi kì í fi ẹ̀fọ́ pamọ́ fún ọmọ. Ọjọ́ tó bá rí i, yóò máa tú gbogbo oúnjẹ rẹ wò títí lọ, kódà ìrẹsì funfun. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìjẹun ọmọdé ní láti bí ọdún 2 sí 6 ni ìbẹ̀rù oúnjẹ tuntun máa ń le jù, àti pé ó lè tó ìgbà 8 sí 15 tí a óò gbé nǹkan kan síwájú ọmọ kí ó tó gbà á. Nítorí náà, tẹ̀tẹ̀ á máa fara hàn, èmi ò sì ní pàrọwà fún ẹnikẹ́ni. Ti ewédú, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ohun tó ń bí mi nínú kì í ṣe ẹnu ọmọ, búrẹ́dì agogo márùn-ún ni. Ọmọ tó ti fi búrẹ́dì àti mínírà yó ní ìrọ̀lẹ́, kí ni ó fẹ́ fi oúnjẹ agogo méje ṣe? Ìyá sọ pé láyé tiwọn, kò sí ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ: "Bó bá wù ọ́, o jẹ, bí kò bá wù ọ́, o fi sílẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, torí ohun tí Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ ará Amẹ́ríkà kan, ń kọ́ àwọn òbí kò jìnnà sí i: òbí ló ń yan ohun tí a óò jẹ, ìgbà tí a óò jẹ ẹ́ àti ibi tí a óò ti jẹ ẹ́, ọmọ ló ń pinnu bóyá òun á jẹ àti bí yóò ṣe pọ̀ tó. Mo sọ ọ́ fún Ìyá. Wọ́n ní òyìnbó náà gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń já búrẹ́dì fún ọmọ lẹ́yìn mi? N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Ẹ̀wà ni ti ọ̀la. Ẹ̀wà olóyin ni, mo ti ṣà á, mo ti rẹ ẹ́ sómi kí ó má baà jẹ gáàsì. Màá bu ti àwọn ọmọ, màá gún un pẹ̀lú epo díẹ̀, kí ata díndín tó dé orí tiwa. Lẹ́yìn rẹ̀, ọsàn kọ̀ọ̀kan, torí ọsàn a máa ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára nínú ẹ̀wà.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ "ẹ̀wà" láti yàrá, ó sáré jáde.

"Ṣé dòdò á wà níbẹ̀?"

Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo rà kò tíì pọ́n.

Ó ní kí n fi àpò bò ó.