Kọ̀ǹpútà tó mọ ilé wa

Pálọ̀ wa n'Ìbàdàn ni ìpàdé ẹbí ti máa ń wáyé lóṣooṣù, nítorí náà ará ilé wa kì í pa á jẹ. Ibi tí wàhálà ti wá nìyẹn.

Bí ọdún ṣe ń parí lọ, Bàbá Alága ní ká ṣẹ́ kèké lórí àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì òróró àti àkùkọ kan, kí ẹni tó bá wá sípàdé jù sì ní àǹfààní jù. Èmi ọmọ kọ̀ǹpútà ní kò ṣòro. Mo to orúkọ àwa mọ́kànlá, pẹ̀lú iye ìgbà tí kálukú wá sípàdé, sínú Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà: ìyàwó mi 12, màmá mi 11, èmi 10, ó ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dórí bọ̀ọ̀dá kan tó ní 2. Nínú random.choices, àṣẹ tó ń báni ṣẹ́ kèké, níbi tó yẹ kí n kọ weights, ìyẹn ìwọ̀n àǹfààní kálukú, mo rí cum_weights, òun ni mo kọ. Mo ní èyí tó gùn ni yóò lágbára jù.

Lọ́jọ́ náà, mo tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi ló jẹ ìrẹsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo yọ orúkọ rẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́: màmá mi. Ẹnìkan húkọ́. Mo yọ ti màmá náà, mo gbàdúrà sínú, mo tẹ̀ ẹ́.

Èmi.

Àkùkọ kọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí ẹni mọ ọ̀gá rẹ̀.

Bàbá Alága bọ́ awò ojú wọn. "Akọ̀wé, ṣé ilé yín ni kọ̀ǹpútà yìí ti ń jẹun ni?"

Wọ́n ní kí n dá gbogbo orúkọ padà, kí n tẹ̀ ẹ́ lójú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló pe ìyàwó mi. Obìnrin yìí sì ń rẹ́rìn-ín!

Òru ni mo tó rí i. Àròpọ̀ tó ń gun orí ara wọn ni cum_weights ń fẹ́: 12, 23, 33, títí dé 77. Iye tó kẹ́yìn ló máa ń gbà pé ó jẹ́ àpapọ̀, yóò mú nọ́ńbà kan tó kéré sí i, yóò wá wo ọ̀dọ̀ ẹni tó bọ́ sí. Iye tó kẹ́yìn nínú èyí tí mo kọ, 2 ni. Nọ́ńbà wo ló kéré sí 2 tí kò ní kéré sí 12? Ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ló ń dúró sí ní gbogbo ìgbà. Bọ̀ọ̀dá tó wá lẹ́ẹ̀mejì péré ló sọ ìyàwó mi di olóríire! Python ò sì ráhùn rárá.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo pe Bàbá Alága, mo ṣàlàyé dáadáa. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ó dáa. Àkùkọ wa wá ńkọ́?"

Mo bojú wo kíṣìnì. Ìyàwó mi ti gbé ìkòkò kaná.