Ọjọ́ Sátidé nìkan la máa ń jẹ súwíìtì nílé wa

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré nílé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé súwíìtì sókè níbi tọ́wọ́ ọmọ ò lè tó tẹ́ ẹ wá rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tíì tán o. Èmi gan-an lọmọ tó máa ń gun àga.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, súwíìtì ní ọjọ́ tiẹ̀ nílé wa, Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Màmá mi á gbé agolo kan sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kálukú á mú mẹ́ta, agolo á padà sókè, ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá fún ẹ ní súwíìtì láàárín ọ̀sẹ̀, wàá dúpẹ́, wàá mú un délé, wàá fọwọ́ ara ẹ jù ú sínú agolo yẹn, tó o bá sì ti jẹ ẹ́ lọ́nà, ahọ́n ẹ tó ti pupa ló máa tú àṣírí ẹ.

Mínírà ní òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgò kan ṣoṣo fún àwa ọmọ mẹ́ta, ìyẹn náà dọjọ́ tí nǹkan ìdùnnú bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá sì pín in ló máa mú kọ́ọ̀pù tiẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ló sábà máa ń pín in. Á tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí ojú ẹ̀ lè bá ẹnu kọ́ọ̀pù dọ́gba, á da díẹ̀, á dúró kí ìfófòó rọlẹ̀ torí pé irọ́ ni ìfófòó máa ń pa, kọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ rò pé ó ti kún lè má tíì dé ìdajì, á tún da díẹ̀ sí i, àwa méjì tó kù á na ọrùn bí adájọ́. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún ká tó fi kan ẹnu. Títí dòní, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan pẹ̀lú òdodo tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti súwíìtì yẹn ń bí mi nínú. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, nílé tiwọn inú abọ́ lórí tábìlì pálọ̀ ni wọ́n ń kó o sí, kò sẹ́ni tó ń wojú ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n ń bá mi sọ, abọ́ ni mò ń wò, mo sì jẹ ẹ́ títí àgbọ̀n fi ń dùn mí. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń gun àga. Ẹyọ kan ni mo máa ń mú, màá fi pamọ́ sínú àpò ìrọ̀rí, tá a bá ti fọ eyín tán tí wọ́n ti paná, màá da aṣọ borí, màá máa húkọ́ bí mo ṣe ń tú bébà ẹ̀ kí wọ́n má bàa gbọ́ ariwo, màá wá tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, màá sùn lọ. Ikọ́ yẹn wá pọ̀ débi pé Màmá mi ra oògùn ikọ́ kan tó korò jogbo, alaalẹ́ ni mò ń mu ún.

Nígbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, a lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ó yẹ ẹnu mi wò, ọ̀tún dáa, lápá òsì eyín méjì ti lu. Kò tiẹ̀ béèrè iye súwíìtì tí mò ń jẹ. Ó ní, "Ṣé òsì lo máa ń fi í sí tó o bá fẹ́ sùn ni?" Màmá mi yíjú wò mí. Èmi ń wo àjà.

Ohun tó ṣàlàyé lọ́jọ́ yẹn, ìgbà tí mo dàgbà ló tó yé mi dáadáa. Kì í ṣe súwíìtì fúnra ẹ̀ ló ń jẹ eyín. Àwọn kòkòrò kan wà lára eyín tójú ò lè rí, àwọn ló ń jẹ ṣúgà, ásíìdì ni wọ́n sì máa ń pọ̀ sílẹ̀, ásíìdì yẹn ló ń ba eyín jẹ́. Itọ́ ẹnu ló ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà á tó ìṣẹ́jú 20 sí 60. Torí náà ẹni tó jẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan leyín ẹ̀ jìyà, ẹni tó jẹ mẹ́ta náà ṣùgbọ́n tó fi ṣe ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn. Tèèyàn bá sì ti sùn, itọ́ ẹnu máa ń dín kù gan-an, ẹ wá wo ohun tí mo ń fojú ara mi rí lóru. Ní Sweden, láwọn ọdún 1940, wọ́n ń fún àwọn aláìsàn tó wà nílé ìwòsàn Vipeholm ní súwíìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín láti fi ṣèwádìí (ìwà ìkà gbáà ni, àwọn èèyàn yẹn ò lè kọ̀), ohun tí wọ́n sì rí nìyẹn: ṣúgà tí wọ́n bá oúnjẹ jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín tí wọ́n ń jẹ láàárín oúnjẹ kan sí òmíì ló ba eyín wọn jẹ́.

Mínírà tún burú ní tiẹ̀ torí pé ásíìdì ti wà nínú ẹ̀ kó tó kan ẹnu, àtèyí tí ò ní ṣúgà náà. Ẹni tó ń fi ìgò kan ṣeré látàárọ̀ dalẹ́, díẹ̀ níbí díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sàn kó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì sáré lọ fọ eyín ọmọ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ fún un lómi kẹ́ ẹ dúró bí ìdajì wákàtí. Ti ṣúgà inú ẹ̀ náà ńkọ́, American Heart Association, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ ní 2016 pé ṣúgà tí wọ́n fi kún nǹkan tí ọmọ ọdún 2 sí 18 ń jẹ, kó má tó gíráàmù 25 lójúmọ́, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2 ò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ agolo kọ́là kan tó jẹ́ 330 ml sábà máa ń ní bíi gíráàmù 35. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fojú wọn ìfófòó ò mọ ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo wá bímọ tèmi. Torí ọ̀rọ̀ eyín yẹn, mo ní kò sí súwíìtì nílé mi rárá, kò sí Sátidé, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún a lọ síbi ọjọ́ ìbí ọmọ kan, bí mo ṣe ń bọ́ bàtà fún un lálẹ́ ni súwíìtì ń já bọ́ látinú ìbọ̀sẹ̀. Mọ́kànlá. Ọ̀kan ti yọ́ mọ́ ọn láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó sì ní òun ò mọ bó ṣe débẹ̀. Jennifer Fisher àti Leann Birch ti ṣèwádìí ẹ̀ lọ́dún 1999: nǹkan jíjẹ tọ́mọdé ń rí lójú tí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn, òun gan-an lá máa sọ̀rọ̀ ẹ̀, òun lá máa tọrọ. Mo tún wá gbìyànjú ti "jẹ ẹ̀fọ́ ẹ kí n fún ẹ ní súwíìtì". Ẹ má dán an wò. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ó ti ń ná an bí ẹni wà lọ́jà, ẹ̀fọ́ ṣíbí mélòó ni súwíìtì kan.

Ni mo bá padà sí Sátidé. Ọjọ́ tí gbogbo ilé mọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, kó jókòó jẹ ẹ́ tán, kò gbọdọ̀ máa sáré kiri pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́nu, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 4 ò sì gbọdọ̀ fẹnu kan èyí tó le torí ó lè há a lọ́fun. Mínírà, a ò kì í tọ́jú ẹ̀ sílé. Òfin yìí mú àgbà náà o, ibẹ̀ ló ti nira jù, mo ti jókòó mu mínírà nínú mọ́tò tí mo gbé síwájú ilé bí olè rí.

Mo pe Màmá mi láìpẹ́ yìí, mo ní ẹ kú làákàyè o, àṣé ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ ásíìdì àti itọ́ yìí látayébáyé. Wọ́n ní ásíìdì wo? Wọ́n ní ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ń pa mí létí lójoojúmọ́, Màmá súwíìtì, Màmá súwíìtì, ni mo bá ní ó di Sátidé kí n lè sinmi. Mo wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àga fún wọn, àti ti ikọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Oògùn ikọ́ tí mò ń fún ẹ nígbà yẹn, ṣé ó dùn?"

Mo ní ó korò gan-an, Màmá.

Wọ́n ní, "Ẹ̀hẹ́ẹ̀n."