Ohun tí pickup lè fà yàtọ̀ sí ohun tó lè rù

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ fẹ́ ra camper, ìyẹn yàrá ìrìn-àjò tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn pickup, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà kẹ́ ẹ ka sítíkà tó wà lára férémù ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Èmi ò kà á. Ẹni tó tà á fún mi ní mọ́tò mi lè fa 11,000 pounds, pé camper ò sì ju 1,480 lọ, mo bá sanwó. Àṣé fífà lọ́tọ̀, rírù lọ́tọ̀. Tírélà ní táyà tiẹ̀ nílẹ̀, camper ò ní, ẹ̀yìn mọ́tò ló jókòó sí tòun ti gbogbo ẹrù inú ẹ̀.

A gbéra ní Houston, èmi, ìyàwó mi àtọmọ méjì, a gba I-10, Big Bend, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ní Texas, là ń lọ. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ níwájú ń fi iná ṣẹ́ sí mi, mo rò pé full light ni mo tàn, àṣé ìdí mọ́tò ló ti wọlẹ̀ tí iná iwájú wá ń wo òkè. Sítíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo yà sí truck stop, táyà ẹ̀yìn ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wa mọ́tò sórí ìwọ̀n àwọn onítírélà: 7,990. GVWR tiwa, ìyẹn iye tí mọ́tò àti gbogbo ẹrù ẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá, 7,000 péré.

Sítíkà sọ pé ohun tí mọ́tò lè rù ò gbọdọ̀ ju 1,680 pounds lọ, èèyàn sì wà nínú ẹ̀ o, títí kan dírẹ́bà. 1,480 yẹn, òfìfo ni. Omi gálọ́ọ̀nù 30 nìkan jẹ́ 250, gáàsì sílíńdà méjì 75, bátìrì 60, AC àti awning (àtíbàbà ẹ̀gbẹ́ camper) 150, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 505, kúlà, ìkòkò àti oúnjẹ 150. Ẹ rò ó pọ̀, 2,670.

Mo da omi nù, a rọra padà sílé. Àwọn kan ní kí n fi airbag, àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi ti ìdí mọ́tò lẹ́yìn, sí i, àmọ́ ìdí mọ́tò nìkan nìyẹn máa gbé sókè, bíréèkì àti axle (irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀) ò lágbára sí i, nọ́ńbà ara sítíkà ò sì yí padà. One-ton, ìyẹn pickup tó lágbára láti rù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni mo padà rà. Ẹ tún wo àmì center of gravity (ibi tí ìwúwo ẹ̀ ti dọ́gba) lẹ́gbẹ̀ẹ́ camper, iwájú axle ẹ̀yìn ló yẹ kó bọ́ sí.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n rọmi kún un kẹ́ ẹ jọ gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi camper ẹ̀ sílẹ̀ fún un.